Ilé Ìdáná Ẹsẹ̀ Bàtà 6 Sí 8: Kí Lẹ Lè Ṣe Kó Má Há Mọ́ Yín?

Ìbéèrè: Ìyàwó ilé kan tó ń gbé ní Ìbàdàn kọ̀wé pé: "Mini flat la rẹ́ǹtì. Ilé ìdáná wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, síílìǹ rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹnu ọ̀nà wà ní ìbú kan, fèrèsé lúfà wà ní ìbú kejì tó kọjú sí i. Pèpéle àti kọ́bọ́ọ̀dù aláwọ̀ búráùn gba gbogbo ògiri gígùn tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Gáàsì, fíríìjì àti dírọ́ọ̀mù omi náà wà nínú ẹ̀. Káfíńtà ní ká kan kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn mọ́ ògiri kejì kí ẹrù lè ríbi wọ̀. Ọkọ mi ní ká kàn kun ún ní funfun. Kí la lè ṣe tí yóò fi fẹ̀ lójú, láìwó ògiri?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ìyá wa. Ọ̀dà funfun tí ọkọ yín sọ kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ti káfíńtà yẹn ní tiẹ̀, ẹ má gbà á rárá.

Ohun tó ń mú kí yàrá há lójú kì í sábà jẹ́ ògiri. Ilẹ̀ tí ojú ò rí ni. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ lè gba orí ilẹ̀ lọ tààrà títí dé abẹ́ fèrèsé, yàrá yẹn á fẹ̀ lójú ẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ṣùgbọ́n tí ojú bá ti kọ lu dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, ẹ kùn ún ní funfun, ẹ lẹ táìsì olówó iyebíye mọ́ ọn, á ṣì há ni. Torí náà, ilẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ilẹ̀ yín. Ká pe ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ní ojú kan. Ojú 48 lẹ ní. Pèpéle tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó gba ògiri ẹsẹ̀ bàtà 8, ti mú 16 níbẹ̀. Dírọ́ọ̀mù onílítà 200 fẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 23, ìyẹn mú ojú 4. Fíríìjì mú bíi 4. Sílíńdà mú 1 ó lé díẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ tó ń ṣí sínú ń gbá nǹkan bí ojú 5 mọ́lẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí i, kò sì sí ohun tí ẹ lè gbé síbẹ̀. Ẹ ti ná 30, ó ku 18, àwọn 18 náà ò sì wà lójú kan, wọ́n fọ́n káàkiri láàárín ẹrù. Ibi tí híhá ti ń wá nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ná owó púpọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kan hínjì ilẹ̀kùn sí. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ṣí i ló ń lọ sinmi lórí pèpéle, kí káfíńtà gbé hínjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ilẹ̀kùn lè fara ti ògiri tó ṣófo. Èyí tó tún dáa jù ni pé kó máa ṣí síta, bí kọ̀rídọ̀ bá gbà á. Ẹ kíyè sí férémù o: wọ́n máa ń gbẹ́ ojú férémù sínú níbi tí ilẹ̀kùn máa jókòó sí. Bó bá jẹ́ apá inú ni wọ́n gbẹ́, ilẹ̀kùn ò lè ṣí síta lásán. Káfíńtà á ní láti kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sí férémù tí ilẹ̀kùn á máa gbá mọ́. Àwọn kan máa ń yọ ilẹ̀kùn kúrò pátápátá, wọ́n á fi kọ́tìnì rọ́pò. Èmi ò fara mọ́ ọn nínú mini flat, torí pé òórùn irú àti ẹja tútù ò ní jẹ́ kí pálọ̀ sinmi. Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ yọ, ẹ sì sọ fún láńlọ́ọ̀dù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Gáàsì ló kàn, kì í sì í ṣe torí ẹwà nìkan. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń sọ̀ sí, á rọra kó jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ pèpéle, fèrèsé tó wà lókè ò sì ní lè lé e jáde. Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò pẹ́ tó fi ń kún. Ẹni tó gbé sílíńdà onílò 12 àbọ̀ kílò sínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, kó má bàa hàn, ewu ló tì mọ́lé yẹn. Ògiri gígùn yín kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé náà ni kí sílíńdà lọ. Kí wọ́n lu ihò kan tó fẹ̀ ní íǹṣì 1 gba ẹ̀yìn kúkà, kí wọ́n ki páìpù kékeré bọ̀ ọ́, kí rọ́bà gáàsì gba inú páìpù náà kọjá kí sìmẹ́ǹtì má bàa máa họ ọ́. Rọ́bà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láti régúlétọ̀ dé kúkà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so méjì pọ̀ láàárín. Kí sílíńdà wà ní òró, nínú àgò onírin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ojú gọ́tà. Tí wọ́n bá so ó tán, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kùn gbogbo oríkèé rẹ̀. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ má fi iná wò ó láé.

Dírọ́ọ̀mù omi ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kì í fẹ́ gbé kúrò, mo sì mọ ìdí: omi ẹ̀rọ ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Àmọ́ kò pọn dandan kí lítà 200 jókòó sáàárín ilé ìdáná. Ẹ gbé dírọ́ọ̀mù lọ sí bálùwẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ wá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin sí abẹ́ pèpéle. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1, torí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àti díẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Lítà 100 nìyẹn. Ẹ yọ pátákó ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kúrò kí kẹ́ẹ̀gì jókòó sórí ilẹ̀ gan-an, torí pé ẹrù kílò 100 á tẹ pátákó wálẹ̀, omi tó bá sì kán sílẹ̀ á wú u.

Fíríìjì, pálọ̀ tàbí kọ̀rídọ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni kó lọ. Ní ilé ìdáná yín, kò síbi tí ẹ máa gbé e sí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ á fi ṣí tán láìdí ọ̀nà, ooru kúkà á sì máa dà á láàmú. Bó bá wà ní pálọ̀, ẹ fi àlàfo íǹṣì 2 sẹ́yìn rẹ̀ kó lè máa mí.

Ẹ̀yìn èyí ni ìkòkò ìnáwó, kúlà ńlá, abọ́ tí wọ́n fi ṣe sùfníà, odó àti ọmọ odó. Ohun tí ẹ kò bá lò láàárín oṣù kan kò yẹ kó wà níbi tí ọwọ́ ń dé. Ẹ to ìkòkò sínú ara wọn láìsí ọmọrí, kí ẹ wá kọ́ àwọn ọmọrí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Irin yẹn pẹ̀lú ọmọrí máa ń jìn tó íǹṣì 3, nítorí náà kí káfíńtà gé pẹpẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́yìn ní íǹṣì 3, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ò ní padé. Káfíńtà tí kò bá wọn èyí tẹ́lẹ̀ máa ń padà wá yọ irin náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí kọ́bọ́ọ̀dù ògiri kejì. Ilé ìdáná yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Pèpéle kan ti gba 2, ó ku 4 fún ọ̀nà. Tí ẹ bá tún kan òmíràn tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí òdìkejì, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló máa kù láàárín. Èèyàn méjì ò lè kọjá lára wọn níbẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti mú ìkòkò nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ìdí rẹ̀ á kan ti ẹ̀yìn. Bí kúkà yín bá ní ààrò lábẹ́, ilẹ̀kùn ààrò náà á ṣí tán, ẹ ò sì ní ríbi dúró láti mú ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀nà inú ilé ìdáná kò gbọ́dọ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà 3; 3 àbọ̀ ló tuni lára. Tí ẹ bá fẹ́ rí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó náwó, ẹ mú páàlì dání, ẹ gé e ní ìwọ̀n ohun tí káfíńtà fẹ́ kàn, ẹ tò ó síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa se oúnjẹ yín bó ti wà. Ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń dá ààbò bo ilẹ̀ yẹn. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé ìdáná wa là ń ṣe ní ìdúró. Èèyàn máa ń jókòó lórí àpótí láti ro àmàlà, láti ṣa ẹ̀wà, láti gé ẹ̀fọ́. Ìkòkò àmàlà tó wà lórí kúkà tó ga tó íǹṣì 36 máa ń mú èjìká ro èèyàn tí kò ga, torí pé agbára ọmọrogùn òkè ló ti ń wá. Ilẹ̀ tó ṣófo ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ sí 2 àbọ̀ tó ẹni kan láti jókòó kó fi ẹsẹ̀ mú ìkòkò. Tí ẹ bá parí, àpótí á wọ abẹ́ pèpéle. Àwòrán ilé ìdáná òyìnbó tí wọ́n ń fi hàn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ro ti èyí mọ́ ọn.

Ohun tí ògiri kejì lè gbà ni pẹpẹ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri, tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò sì jìn ju íǹṣì 9 lọ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti gíga ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ sókè, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilẹ̀kùn bá fara tì parí. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa hàn, ojú á sì kà á mọ́ ara yàrá. Ohun tó ní ọmọrí nìkan ni kí ẹ tò síbẹ̀: gàárì, èlùbọ́, ẹ̀wà, ìrẹsì, ṣúgà, nínú ike tó mọ́ gaara tí gbogbo wọn dọ́gba. Ike oríṣiríṣi àwọ̀, agolo mílíìkì àti ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu ń mú kí ibi mímọ́ pàápàá dà bíi pé ó rí wúruwùru. Abọ́ àti ife tí kò ní ìdérí kò yẹ níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ á pàdé ooru epo lára wọn, ohun tó máa ń dì mọ́ wọn kì í ṣí bọ̀rọ̀.

Kíkọ́ pẹpẹ sára ògiri ní ọgbọ́n tiẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n sábà fi ń mọ ògiri inú ilé wa. Tí wọ́n bá lu ihò súkúrù bọ́ sí inú àlàfo búlọ́ọ̀kù, fíṣà, ìyẹn ike kékeré tí súkúrù ń wọ̀ nínú ògiri, ò ní rí ohun dì mú. Pẹpẹ náà á dúró bí ẹ ṣe ń wò ó, ó di ọjọ́ tí ẹ bá to ike ẹ̀wà méjì sórí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ga ní íǹṣì 9, nítorí náà ní nǹkan bí íǹṣì 9 sí 10 ni ẹ máa rí ojú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi so ìlà búlọ́ọ̀kù pọ̀. Ibẹ̀ ni fíṣà ti lè rí ohun dì mú. Kí káfíńtà fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ wá a kàn, kó wá kan pátákó 2 sí 3 gbọọrọ kan mọ́ ọn pẹ̀lú fíṣà mílímítà 8 àti súkúrù íǹṣì 4, ọ̀kan ní íǹṣì 16 síra wọn. Pátákó yẹn ni pẹpẹ á jókòó lé.

Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù tó ti wà lórí ògiri gígùn, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Àwọ̀ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe to nǹkan sára pèpéle la fẹ́ tún ṣe. Bí síǹkì bá wà lápá fèrèsé, tí kúkà wà lápá ẹnu ọ̀nà, ó dáa, torí pé atẹ́gùn fèrèsé kò ní máa pa iná gáàsì. Pèpéle íǹṣì 96 lẹ ní. Ẹ lè pín in báyìí: íǹṣì 14 ní igun fèrèsé fún gbígbẹ abọ́, síǹkì 20, àyè iṣẹ́ tó ṣófo 30, kúkà olójú mẹ́rin tó fẹ̀ ní 20, kí 12 tó kù wà láàárín kúkà àti ògiri ẹnu ọ̀nà, kí ọwọ́ ìkòkò má bàa yọ sójú ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà. Íǹṣì 30 àárín yẹn ni ọkàn ilé ìdáná. Bílẹ́ńdà, kẹ́tùrù, ike ọṣẹ, ike màggí, ẹ kó gbogbo wọn kúrò lórí ẹ̀. Ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ nìkan ló lè wà lórí pèpéle, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ.

Kọ́bọ́ọ̀dù òkè tó sún mọ́ fèrèsé, ìyẹn bíi ẹsẹ̀ bàtà 3 tó kángun síbẹ̀, ni kí ẹ sọ kalẹ̀. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Kí ẹ wá fi àpótí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 dí àlàfo tó wà láàárín orí èyí tó kù àti síílìǹ. Ibẹ̀ ni kúlà àti abọ́ ìnáwó ń lọ. Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù bá kan síílìǹ, ojú á máa gòkè tẹ̀ lé e, yàrá á sì ga sí i, eruku àti aáyán ò sì ní ríbi sá pamọ́ sí lórí ẹ̀. Òkè iná kúkà ní tiẹ̀, ẹ fi íǹṣì 30 sílẹ̀ kí pátákó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ wàyí. Lúfà yín kì í ṣe ìṣòro. Ó ń ṣí tán pátápátá, nígbà tí fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í fi ju ìdajì sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ohun tó ń jẹ wá níyà ni gíláàsì búráùn, nẹ́ẹ̀tì tó ti di dúdú nítorí èéfín, àti irin ààbò tí wọ́n kùn ní dúdú. Gíláàsì lúfà ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn ọ̀kan, ẹ ní kí agégíláàsì gé èyí tó mọ́ gaara ní ìwọ̀n kan náà, kó lọ etí rẹ̀ kó má bàa gé yín lọ́wọ́. Ẹ máa yọ nẹ́ẹ̀tì fọ̀ lóṣooṣù. Ẹ kun irin ààbò ní funfun, ojú á fò ó dá bíi pé kò sí níbẹ̀. Kọ́tìnì ò yẹ fún fèrèsé ilé ìdáná. Tí aládùúgbò bá ń wò yín, ẹ fi ọ̀rá funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì sára àwọn gíláàsì ìsàlẹ̀ nìkan.

Lálẹ́, gílóbù kan ṣoṣo láàárín síílìǹ máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, òjìji tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á bo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ lo gílóbù LED oníwáàtì 9 méjì. Kí wọ́n wà lórí ìlà etí pèpéle, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ògiri, dípò àárín yàrá. Lára páálí rẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ 4000K sí, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. 3000K á sọ ọ̀dà mílíìkì di pupa rẹ́súrẹ́sú, 6500K ní tiẹ̀ máa ń mú kí ẹran àti ọbẹ̀ ṣì lójú. Lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ẹ fi iná LED gbọọrọ oní-12V síbẹ̀, mítà kan tó láti bo àyè iṣẹ́ yín. Etí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù ni kó wà, kó má lọ sẹ́yìn. Ibi tí àmì sáàsì wà lára rẹ̀ nìkan ni ẹ ti lè gé e; tí ẹ bá gé e níbòmíràn, apá yẹn ò ní tàn. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pẹ́ ṣí nítorí ooru ìkòkò, nítorí náà ẹ ra ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tì í bọ̀, kí ẹ fi súkúrù dè é. Àǹfààní 12V ni pé, tí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì kékeré kan lè gbé e títí ẹ ó fi se oúnjẹ tán.

Ó wá ku àwọ̀. Ọkọ yín sọ pé funfun. Níbi tí epo pupa bá ti ń ta, mílíìkì tàbí ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó súnmọ́ funfun á pẹ́ ju funfun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yà ọ̀dà ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ: emulsion lásán máa ń mu epo, bí ẹ bá sì fi kàǹkàn nù ún, á ṣí pẹ̀lú ìdọ̀tí. Satin ni kí ẹ rà, ó ṣeé fọ̀, ó sì ń dán díẹ̀ tó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ògiri yín, tí a bá yọ ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé kúrò, jẹ́ nǹkan bíi mítà 20 àti díẹ̀ níbùú-lóòró. Lítà kan ń kun nǹkan bíi mítà 10 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà gálọ́ọ̀nù onílítà 4 tó yín láti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ́ńtà tó bá ní kí ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20, ẹ bi í léèrè ibi tí ìyókù ń lọ. Síílìǹ ní funfun pátápátá.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀dà, kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ògiri ẹ̀gbẹ́ kúkà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi omi lásán ṣàn án, kó sì gbẹ. Epo tí ojú ò rí ló máa ń mú kí ọ̀dà tuntun bó láàárín oṣù díẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù búráùn yẹn, àwọ̀ ògiri gan-an ni kí ẹ fún un, tàbí èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Bí kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri bá jọra, ojú ò ní rí ibi tí ọ̀kan ti parí, yàrá á sì fẹ̀. Ẹ yọ àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀yìn wọn. Ẹ fi sáńpépà 120 ha dídán ara wọn kúrò, ẹ nù ún, ẹ kùn ún ní ọ́ńdákóòtì lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sáńpépà 220 ra á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá kun satin olóòlì (oil-based) lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan á rí i kó máa ṣàn, kó sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tí láńlọ́ọ̀dù ò bá gbà kí ẹ kùn ún, stíkà tó ṣeé ṣí ló kù, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná gáàsì. Ooru á jẹ́ kó ká kúrò ní etí, ó sì lè gbaná.

Táìsì ilẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, kó jẹ́ 60 sí 60, aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò dán. Méjìlá péré ló máa gbà, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 tó bá ṣẹ́kù, ìlà àárín táìsì àti táìsì ẹsẹ̀ ògiri á bò ó. Ẹ ra tó lé ní méjì tàbí mẹ́ta torí èyí tó bá fọ́. Táìsì kéékèèké máa ń mú ìlà pọ̀, ìlà púpọ̀ á sì gé ilẹ̀ kékeré sí wẹ́wẹ́. Èyí tó ń dán dáa lára ògiri, kò dáa nílẹ̀. Omi àti epo á yọ ẹsẹ̀ lórí ẹ̀. Lára ògiri ẹ̀yìn pèpéle, ẹ lo 30 sí 60 tó ń dán, kí wọ́n tò ó ní ìbúlẹ̀. Àwọn bíríkìlà máa ń fi sìmẹ́ǹtì funfun dí ojú ìsopọ̀, ṣùgbọ́n epo pupa á sọ ọ́ di yẹ́lò. Ẹ ní kí wọ́n lo gíráòtì aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, kí ìlà sì tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà 2.

Wọ́n lè dá yín lábàá pé kí ẹ fi dígí sára ògiri. Nínú ilé ìdáná tí kúkà jìnnà sí ògiri kejì ní ẹsẹ̀ bàtà 4 péré, ooru epo ni ẹ ó máa nù lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, táìsì dídán sì ti ṣe iṣẹ́ yẹn. POP onípele lórí síílìǹ kò tọ́ sí yàrá yín, torí pé gbogbo ìpele rẹ̀ ló ń fa síílìǹ wálẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ ná sí méjèèjì, ẹ fi ra fáànù tó ń fa èéfín jáde, èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 6 tàbí 8, kí wọ́n gbé e sókè lára ògiri ẹ̀yìnkùlé nítòsí kúkà. Òun ni kò ní jẹ́ kí gbogbo àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yìí ṣú.

Bí iṣẹ́ yóò ṣe tẹ̀ léra: ẹ kó ẹrù jáde, kí wọ́n gbé gáàsì síta, kí wọ́n ṣe iná àti ihò fáànù kí ògiri tó gba ohunkóhun, kí táìsì tẹ̀ lé e, ọ̀dà lẹ́yìn ìyẹn, pẹpẹ gbẹ̀yìn. Ẹ má rìn lórí táìsì ilẹ̀ fún wákàtí 24. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ ni kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù tí kì í hu èbu yí etí síǹkì ká, ẹ má sì jẹ́ kí omi kàn án títí di ọjọ́ kejì, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọ inú pátákó kọ́bọ́ọ̀dù, tí á wú, tí ọ̀dà tuntun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó.